Lẹ́tà Méje Tí Hannah Mọ̀

Nígbà náà, Bàbá Gbàdàmọ́sí aránṣọ ṣì wà láyé, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sì ń ké láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lójú ọ̀nà Ọjà Ọba ní Ìkẹ́rẹ́. Comfort Afọláyan ṣì wà, eyín rẹ̀ kò tíì ká, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Làmídì tó ń ṣọ́ oko kòkó àwọn Afọláyan lọ́nà Ìṣẹ̀ ṣì lè gun igi obì. Igi ìyeyè etí odò tó wà ní oko náà kò tíì wó. Stephen Afọláyan náà ṣì wà, Tísà tí í dá orin fún ìjọ, ẹni tó jẹ́ pé bí ó bá gbé ohùn tẹ́nọ̀ rẹ̀ sókè, àwọn obìnrin á gbàgbé ibi tí orin dé. Ó wà, àmọ́ kò sí nílé.

Hannah ìyàwó rẹ̀ ló ń jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ìwé. Ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe ti ìjọ, kì í ṣe ti ìjọba, ti Afọláyan ni: pákó àti páànù, pẹpẹ mẹ́rin, àga kan, ìwé orin, Bíbélì, síléètì, ẹfun ìkọ̀wé, pẹ́ńsù àti ìgò yíǹkì. Ẹni tí kò bá mọ Hannah yóò rò pé akọ̀wé pọ́ńbélé ni. Bí òbí kan bá wọlé tó ní ìwé kíláàsì kejì lòun fẹ́, kò ní yẹ ojú wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó fà á yọ. Awọ búlúù ni ti kíláàsì kejì. Èyí tí wọ́n ya ewúrẹ́ sí lẹ́yìn ni ti àwọn tó ń kọ́ ABD. Èyí tó pupa tí etí rẹ̀ funfun, ìwé orin ni. Bí ó ṣe ń tà á nìyẹn. Kò mọ̀wé kà.

Lẹ́tà méje péré ló mọ̀, àwọn lẹ́tà ohùn orin tí wọ́n ń pè ní dò, rè, mí, fà títí lọ: d, r, m, f, s, l, t. Stephen ló kọ́ ọ nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge nínú ẹgbẹ́ akọrin, kó tó fẹ́ ẹ. Ẹfun ló fi kọ wọ́n sórí síléètì, ó ní kó máa kọ wọ́n lórin, kò sì pé oṣù kan tí Hannah fi ń ka ohùn orin bí ẹni ń ka ojú ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, Stephen fẹ́ kọ́ ọ ní àwọn lẹ́tà yòókù. Hannah wò wọ́n títí, ó dá síléètì náà padà fún un.

"Tísà, àwọn tó kù wọ̀nyí kì í dún," ló wí.

Ìgbádùn rẹ̀ kò ju èyí lọ: ní ọjọ́ ọjà, àwọn obìnrin Èmùré àti Ìṣẹ̀ á sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní orin báyìí-báyìí ni alùfáà dárúkọ fún ọjọ́ Ìsinmi, àwọn kò sì mọ ohùn rẹ̀. Hannah á ṣí ìwé, á wá nọ́ńbà, á kọ tírẹ́bù fún ẹni tó ń kọ tírẹ́bù, á kọ áátò, ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, fún ẹni tó ń kọ áátò. Báàsì pàápàá, á fi imú kọ ọ́, kí wọ́n lè gbé e lọ fún ọkọ wọn nílé. Àwọn mìíràn kì í ra ohunkóhun. Orin ni wọ́n á rù lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹsẹ̀ Bàbá Gbàdàmọ́sí á máa tẹ ẹ̀rọ bá orin náà lọ.

"Ìyàwó," ni Bàbá Gbàdàmọ́sí á ké láti ibi tó wà, "orin ẹ̀yin onígbàgbọ́ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ o. Mo ti rán àpò mọ́ orúnkún ṣòkòtò oníṣòkòtò."

"Baba, ẹ yé jó sí i nígbà náà."

"Èmi kọ́ ni mò ń jó. Ẹ̀rọ ni. Èmi mùsùlùmí ni."

Ọdún tó ṣáájú ọdún tí wọ́n sọ ilé-ìwé di ọ̀fẹ́ ni ikọ́ mú Stephen. Ó kọ́kọ́ dà bí ikọ́ ọyẹ́. Nígbà tó yá, Hannah bá ẹ̀jẹ̀ nínú áńkáṣì rẹ̀ nígbà tó ń fọ aṣọ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí, ó padà wálé pẹ̀lú awọ àti egungun. Ó wo ilé bàbá rẹ̀ tó kún fún àwọn ọmọ kéékèèké tó ń rá lórí ilẹ̀, ó ní òun kò ní sùn níbẹ̀. Ó di ẹní rẹ̀, ó di ìwé rẹ̀, ó lọ sí abà lọ́nà Ìṣẹ̀, ní òdìkejì odò. Làmídì tó wà ní ahéré kejì ni yóò máa bá a se omi. Ó wá ṣòfin fún Hannah pé kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ kan odò náà kọjá.

Hannah sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

"Bí ìwọ náà bá bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́," ni Stephen wí, "ta ni yóò máa kọ áátò?"

Orin kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó lọ, orin ìkórè, ìlà méje, ohùn mẹ́rin. Ó ti parí tírẹ́bù, ó ti parí tẹ́nọ̀, ó ti parí báàsì, ó sì ti kó wọn fún Olúfẹ́mi, tísà ọ̀dọ́ tó gba ẹgbẹ́ akọrin lọ́wọ́ rẹ̀. Áátò ló kù. Áátò ló máa ń fi ṣe ìkẹyìn, nítorí ohùn Hannah ló fi ń dán an wò. Òun fúnra rẹ̀ kò lè kọrin mọ́. Èémí rẹ̀ kò gbé ìlà kan parí kí ikọ́ tó já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀fun Hannah wá di dùùrù fún un.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ní ọ̀sán Sátidé, Hannah á ti ṣọ́ọ̀bù, á gbé oúnjẹ, á rìn dé etí odò. Lórí òkúta pẹrẹsẹ kan tó wà láàárín omi, agolo bisikíìtì kan á wà níbẹ̀, ìwé pélébé kan á wà nínú rẹ̀ tí Stephen kọ ìlà kan sí. Hannah á fín ìwé náà lẹ́ẹ̀fín lórí iná ewé tútù kí ikọ́ má baà ràn án, gẹ́gẹ́ bí Comfort, àbúrò ọkọ rẹ̀, ṣe pa á láṣẹ. Lẹ́yìn náà, á dúró, á kọ ọ́. Stephen á jókòó sórí àpótí kẹrosíìnì lábẹ́ igi ìyeyè lódìkejì, ọmọrí agolo á wà lórí itan rẹ̀, igi tín-ín-rín á wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá lu ọmọrí náà lẹ́ẹ̀kan, ó dára. Bí ó bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, kó tún un kọ.

Ìlà mẹ́rin kọ́kọ́ lọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Stephen ń lù. Inú Hannah á dùn títí á fi délé. Á sì tún máa ka ọjọ́ di Sátidé mìíràn.

Oṣù kìíní dé, ilé-ìwé di ọ̀fẹ́, gbogbo òbí Ìkẹ́rẹ́ rọ́ lu ṣọ́ọ̀bù. Àwọn àgbẹ̀ tí kò tíì fọwọ́ kan ìwé rí ń di síléètì mú bí ẹni di ẹyin mú. Bàbá Gbàdàmọ́sí náà kò rí oorun sùn. Káákì aṣọ ilé-ìwé ga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán. Ọ̀sán kan, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi eyín já òwú.

"Ìyàwó, ẹ máa bá mi gbàdúrà kí iṣẹ́ yìí má parí."

"Baba, ẹ̀yin tí ẹ ń ráhùn ní àná?"

"Iṣẹ́ kì í parí kí ó dára. Ahunṣọ ni bàbá mi. Aṣọ kan wà tó fi ọdún mẹ́ta hun, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọjọ́ tó gé e kúrò lórí òfì, ó na ara rẹ̀, ó ní ó rẹ òun. Ọjọ́ kẹta, a sin ín. Ẹni tó bá parí iṣẹ́ ńlá rẹ̀, kí ló tún ń dúró ṣe? Ilé ló kù." Ó gbé káákì mìíràn. "Ẹ bá mi wo abẹ́rẹ́ mi nílẹ̀ níbẹ̀ yẹn."

Hannah bá a wá abẹ́rẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣà á, ó fún un. Bàbá kan wọlé tó ń bèèrè ìwé kíláàsì kẹta fún ọmọ rẹ̀, Hannah sì gbé ìwé ewúrẹ́ fún un. Láti ọjọ́ tó ti ń tàwé, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ náà, ìlà karùn-ún ló wà nínú agolo. Hannah fín in, ó wò ó. Mí ni Stephen kọ síbẹ̀, ní àárín ìlà, mí tó gbọ́dọ̀ sinmi díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Hannah gbé ohùn, ó dé ibẹ̀, ó kọ fà.

Igi lu ọmọrí lẹ́ẹ̀mejì.

Hannah tún un kọ. Ó tún kọ fà. Stephen lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún kọ ọ́, ojú rẹ̀ wà lórí omi. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Stephen na ọwọ́ sí òkúta, ó ní kó dá ìwé náà padà sínú agolo, bóyá òun ló kọ ọ́ le jù. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ìlà karùn-ún náà ló tún wà níbẹ̀ lórí ìwé tuntun.

Hannah ti jèrè ọ̀sẹ̀ kan.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ìlà karùn-ún gba oṣù mẹ́fà. Ìlà kẹfà kò tilẹ̀ fẹ́ lọ rárá. Bí ó bá kọ ibi kan dáadáa lónìí, á ba ibòmíràn jẹ́. Kò rọrùn fún un o. Ẹni tó mọ orin, kí ó máa kọ ọ́ burúkú, ó dà bí ẹni tó mọ iyán gún tó ń mọ̀ọ́mọ̀ fi kókó sínú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀. Nígbà mìíràn, tó bá ti délé, á ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, á kọjú sí pẹpẹ àwọn Bíbélì, á wá kọ ìlà náà bí wọ́n ṣe kọ ọ́, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú etí aṣọ lẹ́nu. Mí náà á sinmi, á sọ̀ kalẹ̀. Ó dùn débi pé á fi ọwọ́ di pẹpẹ mú. Ẹni tó dá a kò sì sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Ìkórè ọdún náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Olúfẹ́mi dé ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó Tísà, áátò wa dà?"

"Ó kù díẹ̀."

"Ó kù díẹ̀ lẹ wí ní Ọjọ́ Àjíǹde. Díẹ̀ yìí mà ga ju òkè Olósùnta lọ."

Orin àtijọ́ ni wọ́n kọ ní ìkórè. Nígbà tó yá, Làmídì tó ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ahéré rẹ̀ sọ ọ́ lọ́jà pé ó dà bí ẹni pé ìyàwó Tísà ti gbàgbé orin. Ọ̀rọ̀ náà dé Èmùré kó tó dalẹ́. Àwọn obìnrin ọjọ́ ọjà bẹ̀rẹ̀ sí gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá lọ sí ilé Olúfẹ́mi láti lọ gba ohùn orin. Wọ́n á kí i, wọ́n á rọra yẹ ojú. Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́.

"Ìyàwó," ni Bàbá Gbàdàmọ́sí wí lọ́jọ́ kan, "ẹ̀rọ mi ti ń tiro."

Hannah ń nu eruku orí àwọn Bíbélì.

Comfort ló wá já a sí gbangba. Hannah kì í pe orúkọ rẹ̀, torí pé ìyàwó kì í pe ọmọ ilé tó bá nílé lórúkọ. Eyínfúnjowó ló ń pè é.

"Wọ́n ní o ń kọrin burúkú létí odò," ni Comfort wí. Ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù, kò jókòó. "Ìwọ? Ẹni tó jẹ́ pé nítorí ohùn ni wọ́n ṣe gbé ọ wọ ulé wa?"

"Eyínfúnjowó, ọ̀fun mi ni kò dá mọ́."

"Bí kò bá dá, kí Tinúọlá inú ẹgbẹ́ akọrin máa lọ kọ ọ́ fún un. Áátò lòun náà ń kọ. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní máa fi ìwọ̀nba èémí rẹ̀ ṣọ́ ẹni tí kò gbọ́ràn."

Hannah ṣírò rẹ̀ kíá. Bí Tinúọlá bá lọ, láàárín Sátidé méjì, orin ti parí nìyẹn.

"Ẹ dákun, ẹ fún mi di ìgbà òjò."

Comfort wò ó títí. "Ìgbà òjò," ló wí, ó sì jáde.

Ohun tí Hannah rí tí àwọn yòókù kò rí ni pé Stephen ń jẹun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tún yọ díẹ̀. Ó ń rìn wá sí abẹ́ igi ìyeyè láìdi ọ̀pá mú. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbáko, ẹni tí wọ́n ní kò ní rí Kérésìmesì kan, ó rí Kérésìmesì, ó rí Àjíǹde. Hannah a máa kà á lórí ìka rẹ̀ bí ó bá ń padà sílé, á wí fún ara rẹ̀ pé, kí wọ́n máa fi mí rẹ́rìn-ín, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín.

Òjò dé. Ó rọ̀ débi pé odò bo òkúta náà mọ́lẹ̀, Sátidé méjì Hannah kò rí agolo, Stephen kò sì lè jáde. Ní Sátidé kẹta, omi fà. Stephen wà lábẹ́ igi. Aṣọ ń fì lára rẹ̀ bí èyí tí wọ́n sá sórí okùn, Làmídì ló sì gbé àpótí jáde fún un. Agolo wà lórí òkúta. Kí Hannah tó dé ibẹ̀, Stephen sọ̀rọ̀. Ohùn náà kéré, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e lọ.

"Hannah, ta ló kọ́ ọ ní ohùn orin?"

"Ẹ̀yin ni, Tísà."

"Ṣé mo kọ́ ọ burúkú?"

Hannah tẹjú mọ́ agolo tó wà lórí òkúta.

"Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lo ti ń kọ fà fún mi. Etí ọ̀dọ́mọbìnrin tí mo fẹ́, bí ewé bá já, ó mọ ohùn tó fi já."

Omijé bọ́ lójú Hannah, ó wá sọ ọ́. Ó sọ ti aṣọ ọdún mẹ́ta, ó sọ ti bàbá tí wọ́n sin lọ́jọ́ kẹta. Stephen rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́, Làmídì sì di ẹ̀yìn rẹ̀ mú títí ó fi rọlẹ̀.

"Gbàdàmọ́sí? Gbàdàmọ́sí tó gba ṣòkòtò mi ní ọdún 1952 tí n kò tíì rí i? Bí ó bá jẹ́ pé bó ṣe rí nìyẹn, òun kò ní kú láyé."

Hannah rẹ́rìn-ín nínú ẹkún.

"Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò sọ?"

Stephen fi igi ya ilẹ̀ díẹ̀. "Mo fẹ́ kí o padà wá ní Sátidé," ló wí.

Omi ń lọ láàárín wọn.

"Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí. Ìlà kẹfà àti ìkeje wà nínú agolo. Mo fẹ́ gbọ́ ọ, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí etí mi tó di. Kó àwọn akọrin wá fún mi."

Hannah mú ìwé náà. Lọ́jọ́ náà, kò rántí fín in lẹ́ẹ̀fín.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn áátò kóra jọ sí ṣọ́ọ̀bù ìwé lọ́sàn-án ọjọ́ mẹ́rin, láàárín síléètì àti Bíbélì. Hannah kọ́ wọn. Kò ṣi ohùn kan. Tinúọlá ń wo ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹni tó ti àjò dé.

"Ọ̀fun ti dá?"

"Ó ti dá."

Ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ẹ̀rọ Bàbá Gbàdàmọ́sí yé tiro.

Sátidé dé. Ẹgbẹ́ akọrin tò lọ́nà Ìṣẹ̀, ewé kòkó ń kán omi lé wọn lórí, Olúfẹ́mi wà níwájú, Comfort wà lẹ́yìn pẹ̀lú oúnjẹ. Bàbá Gbàdàmọ́sí náà ti ṣọ́ọ̀bù, ó gbé agboòrùn, ó ní òun ń lọ wo ẹni tó dá orin tó ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Abẹ́ apá rẹ̀ ni ṣòkòtò kan wà tó ti pọ́n fún eruku ọdún mẹ́rin. Wọ́n dúró létí odò, wọ́n gbé orin náà. Nígbà tí wọ́n dé ìlà karùn-ún, mí náà sinmi láàárín ohùn mẹ́ta yòókù, ó sọ̀ kalẹ̀ bí ẹyẹ tó bà sórí ẹ̀ka. Ètè Stephen ń mì lódìkejì. Tẹ́nọ̀ ló ń kọ láìsí ohùn.

Wọ́n parí. Igi lu ọmọrí lẹ́ẹ̀mejì.

Olúfẹ́mi yíjú padà. "Níbo la ti ṣì í?"

"A kò ṣì í," ni Hannah wí. "Ó fẹ́ tún un gbọ́ ni."

Wọ́n tún un kọ. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Stephen lò lẹ́yìn náà. Kò sí ìwé nínú agolo mọ́, kò sí ohun tí wọ́n ń tún ṣe. Ojoojúmọ́ ni Hannah ń lọ báyìí, á ti ṣọ́ọ̀bù ní kùtùkùtù ọ̀sán, á kọ áátò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bó ṣe wà lórí ìwé gan-an. Nígbà tí Stephen kò lè jáde mọ́, láti inú abà ni Hannah ti ń gbọ́ ọmọrí náà, ẹ̀ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Á wá gbé agbọ̀n rẹ̀, á lọ sílé.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ọjọ́ ọjà ni, oòrùn sì ràn lẹ́yìn òjò. Obìnrin Èmùré kan ti dá a dúró ní ṣọ́ọ̀bù láti gba ohùn orin kan, ó sì kọ ọ́ fún un, nítorí náà ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé etí odò. Ó gbé oúnjẹ sórí òkúta. Ó kọ orin náà tán. Ó dúró.

Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó tún un kọ. Nígbà tó dé àárín ìlà karùn-ún, ó gbé ohùn rẹ̀ sókè ju bó ṣe yẹ lọ, ó kọ fà. Ó dákẹ́, ó dẹ etí sí òdìkejì, ó ń retí ẹ̀ẹ̀mejì. Ó tún kọ fà.

Làmídì ti jáde láti inú abà. Ó sọ̀ kalẹ̀ dé abẹ́ igi ìyeyè, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fi í mọ́ àyà. Kò pè é. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Hannah fi kọ ọ́ parí.